Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ gílóòbù fọ́ọ̀gì láìtì ọkọ̀ yín sí èyí tó dára jù

Ẹni tó bá ti kúrò ní Iléṣà ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ rí, tó gba ọ̀nà Àkúrẹ́, tó sì yà ní Ìta-Awùrẹ́ láti gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òkè ga, igbó dí, kùrukùru sì ti gba ojú títì pátápátá. Bí ẹ bá tan iná ńlá, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ta aṣọ funfun síwájú ọkọ̀. Bí ẹ bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ ò ní rí etí títì dáadáa. Nítorí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi iná méjì sísàlẹ̀ bọ́ńpà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fọ́ọ̀gì láìtì. Ọyẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè bo ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà débi pé ọkọ̀ tó wà níwájú yóò ti súnmọ́ yín kí ẹ tó rí i.

Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí à ń wà ló ní fọ́ọ̀gì láìtì. Ṣùgbọ́n kì í tàn mọ́ nínú òmíràn, òmíràn sì ń ṣe wúwú bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Nígbà tí mo fẹ́ tún tèmi ṣe, gílóòbù 100 wáàtì ni wọ́n tà fún mi. Wọ́n ní kò sí kùrukùru tí kò ní là á já. Fíúsì kọ́kọ́ jó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá mi fi gílóòbù náà sí i wá yọ fíúsì 15 tó wà níbẹ̀, ó fi 30 rọ́pò rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní apá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, òórùn rọ́bà tó ń jó wọlé sí wa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún ti yọ́ mọ́ gílóòbù, wáyà rẹ̀ sì ti dúdú tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ọlọ́run ló yọ wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é bó ṣe yẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kùrukùru

Omi wínníwínní tó rọ̀ sójú afẹ́fẹ́ ni kùrukùru. Bí iná bá kàn án, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan yóò da díẹ̀ nínú iná náà padà. Iná ńlá ń tàn lọ tààrà ní ìwọ̀n ibi tí ojú yín wà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń padà wá bá ojú yín. Fọ́ọ̀gì láìtì wà nísàlẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ń tàn sílẹ̀, ó fẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì kí ẹ lè rí etí títì àti ìlà funfun, wọ́n sì gé orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà gòkè. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti gòkè kọjá ibi tí wọ́n gé e dé ti di ìdènà fún yín nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra gílóòbù ni ibi tí iná rẹ̀ yóò bọ́ sí. Bí ó ṣe le tó, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà. Mo ti rí iná tó funfun gbòò tí awakọ̀ rẹ̀ kò rí kòtò tó wà níwájú táyà rẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé iná pupa rúsúrúsú, irú ti ẹyin adìẹ, máa ń la kùrukùru já. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin fi dandan lé e láti 1936 títí di 1993 pé irú àwọ̀ yẹn ni iná iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀kán omi kùrukùru tóbi débi pé bó ṣe ń da àwọ̀ kan padà náà ló ń da èkejì. Ibi tí àǹfààní wà ni ojú wa. Iná tó ní àwọ̀ búlúù nínú máa ń ta sí ojú, ó sì ń tètè mú ojú rẹ̀, pàápàá ojú ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún. Iná rúsúrúsú máa ń tu ojú lára. Lára páálí gílóòbù, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 3000K tàbí 6000K. 3000K rúsúrúsú, 4300K funfun díẹ̀, 6000K ti ń fa búlúù. Fún fọ́ọ̀gì láìtì, mi ò ní kọjá 4300K láé, 3000K sì ni mo ń lò.

Kí ẹ tó yọ owó

Ọmọ òṣómàáló ni wá, a kì í náwó sí ohun tí kò bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí fọ́ọ̀gì láìtì rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ni gílóòbù ti máa ń jẹ́ ìṣòro. Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú iná náà, nítorí ìsàlẹ̀ ló wà, gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀nà ń ta sí i. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ ike tó ti pọ́n, ẹ fi sáńpépà 1000 pẹ̀lú omi ha á ní jẹ́jẹ́, kí ẹ fi 2000 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ohun ìdán fà á títí yóò fi mọ́. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì, ọṣẹ tó o. Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí abọ́ dídán tó ń da iná síwájú bá ti ṣí, tí fàdákà rẹ̀ ti bó, kò sí gílóòbù tó lè tún un ṣe. Odindi iná yẹn ni kí ẹ pààrọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wáyà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí kì í ṣe gbogbo riwáyà ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan fọ́ọ̀gì láìtì, ẹ fi mítà wọn bátìrì. Yóò wà láàárín fólítì 13.5 sí 14.4. Ẹ wá wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù nígbà tí iná ṣì ń tàn. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti bátìrì bá lé ní fólítì kan, iná ń jò sọnù lójú ọ̀nà. Gílóòbù oníwáyà, ìyẹn halogen, kò fara da èyí rárá. Bí fólítì bá dín ní ìdá mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Áàtì ló sábà máa ń fà á: bóòtì tí wọ́n fi de wáyà dúdú mọ́ irin ara ọkọ̀ á ti dípẹtà. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha irin náà títí yóò fi dán, ẹ dè é padà le, kí ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi pé ìmọ́lẹ̀ tí ẹnì kan fẹ́ fi owó gílóòbù tuntun rà, inú ìpẹtà ló wà.

Nọ́ńbà tó wà ní ìdí gílóòbù

Ẹ má gba gbólóhùn "gílóòbù Toyota ni" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀. Camry tí à ń pè ní Muscle sábà máa ń lo H11. Ọ̀pọ̀ Corolla tó jáde ṣáájú rẹ̀ ń lo 9006, èyí tí wọ́n tún ń pè ní HB4. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń lo H3, H8 tàbí H16. Ẹni tó ní ọkọ̀ ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ odindi iná náà, nítorí náà ohun tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

H8, H11 àti H16 jọra bí ìbejì. Etí kékeré inú ìdí wọn nìkan ló yàtọ̀, àwọn kan sì máa ń fi ọ̀bẹ gé etí náà kí ọ̀kan lè wọ ilé èkejì. Ẹ kíyè sára o. H16 jẹ́ 19 wáàtì, H8 jẹ́ 35, H11 jẹ́ 55. Ilé iná tí wọ́n ṣe fún 19 tàbí 35 lè yọ́ bí ẹ bá fi 55 sí i. Bí ti yín bá jẹ́ H8, tí ẹ sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó jù ú lọ, LED, ìyẹn iná tí kò ní wáyà tó ń gbóná nínú, ni ọ̀nà tí kò léwu.

Ti 100 wáàtì nìyí. Ẹ pín wáàtì sí fólítì 12, ẹ ó rí ámpíà tí yóò gba inú wáyà kọjá. 55 ń gba ámpíà 4.6, méjì ń gba 9.2, fíúsì 15 gbé e. 100 ń gba 8.3, méjì ń gba bíi 16.7. Fíúsì 15 á jó, ó sì yẹ kó jó, torí nítorí wáyà yẹn ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹni tó bá fi 20 tàbí 30 rọ́pò rẹ̀ ti sọ wáyà ọkọ̀ yín di fíúsì. Ẹ má gbà fún un, bó ti wù kí ó jẹ́ ọ̀gá tó.

Halogen tàbí LED?

Bí ilé iná yín bá mọ́, tí áàtì rẹ̀ sì dára, halogen tuntun tí wáàtì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gílóòbù a máa rẹ̀ bó ti ń pẹ́. Dúdú á gba inú gíláàsì rẹ̀. Ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n kun gíláàsì rẹ̀ ní búlúù, torí kíkùn yẹn ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó fi ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lè mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó jó.

LED kì í gba ámpíà púpọ̀, kì í sì í yọ́ ilé iná. Ìṣòro rẹ̀ ni pé abọ́ dídán inú iná yín, wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lójú kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Bí ojú iná LED kò bá bọ́ sí ibi tí wáyà yẹn wà gan-an, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká sókè sódò, ẹ ó sì dá kùrukùru padà sójú ara yín. Nítorí náà, ẹ gbé gílóòbù àtijọ́ àti LED sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Láti ìdí rẹ̀ dé ibi tí iná ti ń jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú méjèèjì. LED tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tó ní ojú méjì péré, dára ju èyí tó ní ojú yíká bí àgbàdo lọ. Ẹ tún fi ọwọ́ wọn ẹ̀yìn ibẹ̀. LED ní fáànù tàbí irin onílẹ́ẹ̀kẹ́lẹ́ẹ̀kẹ́ tó ń gbé ooru jáde, ó sì nílò àyè. Bí ẹ bá ń wa Benz, BMW tàbí Volkswagen, ọkọ̀ lè rò pé gílóòbù ti jó nítorí iná tí LED ń fà kéré. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. HID, ìyẹn gílóòbù tó ń fi gáàsì tàn dípò wáyà, mi ò ní gbà yín níyànjú láti fi sínú ilé halogen láéláé. Ó ń fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

Iṣẹ́ náà gan-an

Pa ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, fa búréèkì ọwọ́, kí iná sì ti tutù fún bí ìdajì wákàtí. Halogen tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè bó yín lọ́wọ́.

Yí sitiárì. Bí ẹ bá ń ṣe iná apá òsì, ẹ yí i sí ọ̀tún pátápátá, kí iwájú táyà lè ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ ó rí rọ́bà dúdú tó bo inú ihò táyà. Kílíìpù oníke ló dè é, pẹ̀lú skúrú tàbí bóòtì sípánà 10 díẹ̀ lábẹ́ bọ́ńpà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ orí àárín kílíìpù tàbí kí ẹ fi sukurudíráífà pẹlẹbẹ gbé e sókè, lẹ́yìn náà ni odindi rẹ̀ á jáde. Ẹ kó wọn sínú abọ́. Kílíìpù tó bá sọnù lónìí ni rọ́bà tí yóò máa ha táyà lọ́la. Kò pọn dandan kí ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà náà síta títí ọwọ́ yín á fi wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ láti rí àyè, ẹ fi òkúta tàbí igi nípọn ti táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì má ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, iwájú ni ẹ ti máa tú ike tó yí iná ká, ẹ ò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú táyà.

Tẹ etí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fà á jáde. Orí rẹ̀ ni kí ẹ fà, ẹ má fa wáyà. Ẹ wá yí gílóòbù sí òsì bí ẹni ń tú ìdérí ìgò, bí ìdá mẹ́rin yípo, yóò sì jáde. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì: bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí tó ti wú, tàbí bí irin inú rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bọ́ńpà tó jó.

Bí ó bá jẹ́ halogen, ẹ má fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. Òróró ara ìka á jẹ́ kí ojú kan lára gíláàsì gbóná ju ibi yòókù lọ, gílóòbù á sì fọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, tàbí kí ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, ẹ fi sípíríìtì àti aṣọ tí kò ní irun nù ún, kó sì gbẹ. Bí ó bá jẹ́ LED, ẹ jẹ́ kí ojú méjèèjì kọjú sí ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe òkè àti ilẹ̀. Òmíràn ní òrùka tí ẹ lè tú kí ẹ fi yí i sí ipò yìí.

Òrùka rọ́bà tó wà ní ìdí gílóòbù ló ń dá omi dúró. Tó bá ti gbẹ tàbí tó ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì jù fún LED, nítorí halogen gbóná tó láti lé ìrì jáde kúrò lójú iná, LED kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Tí omi bá wọ inú rẹ̀, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ti gílóòbù wọlé, ẹ yí i sí ọ̀tún títí yóò fi dúró gbọin, ẹ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́". Kí ẹ tó dá rọ́bà padà, ẹ tan iná. Bí LED kò bá tàn, ẹ yọ orí wáyà rẹ̀, ẹ yí i padà, ẹ tún un tẹ̀. Ó ní apá rere àti apá òdì. Ẹ fi okùn ike de gbogbo wáyà tó ń rọ̀ kálẹ̀ kí táyà má baà gbá a.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan apá kejì. Apá kan ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ lè fi tuntun àti àtijọ́ wé ara wọn lára ògiri.

Títọ́ iná

Iléṣà jẹ́ ìlú òkè gbágungbàgun, ilẹ̀ tó tẹ́jú kò sí níbi gbogbo. Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn tó ní kọnkéré máa ń dára, bí ẹ bá gba àṣẹ. Ẹ wọn táyà kó gbé afẹ́fẹ́ tó yẹ, kí ẹnì kan sì jókòó síbi ìwakọ̀. Ẹ pa ọkọ̀ sí mítà 7.6 sí ògiri, kó kọjú sí i gbọnrangandan. Ẹ wọn àárín iná náà láti ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sára ògiri ní 30, ìyẹn ni pé kí orí ìmọ́lẹ̀ fi 10 rẹlẹ̀ sí iná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tan án.

Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ á ní etí òkè tó gé gbọnrangandan. Ẹ wo ti tuntun: ṣé òun náà gé bẹ́ẹ̀? Ó lè mọ́lẹ̀ síi, ó lè fẹ̀ síi, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ta sórí ìlà, tó ń ṣe bí èéfín lára ògiri, LED náà kò bá abọ́ yín mu. Ẹ tún un yí díẹ̀; bí kò bá yàtọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ó bá gé dáadáa ṣùgbọ́n tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ jù, ẹ wá skúrú kékeré kan ní ẹ̀yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ilé iná, òun ni wọ́n fi ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀. Nígbà tí apá kan bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣe èkejì.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀gì láìtì á kú bí ẹ bá tan iná ńlá. Àwọn kan máa ń ní kí riwáyà so méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe é. Nínú kùrukùru, iná ńlá gan-an ni ẹ fẹ́ sá fún.

Fọ́ọ̀gì láìtì kò sì ń tàn jìnnà, bó ti wù kó dára tó. Bí ẹ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń rin bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹsẹ̀ yín tó kan búréèkì, ẹ ti rin bí ìdajì ibi tí iná náà tàn dé. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, 40 ni mo máa ń sá nígbà tí kùrukùru bá ti bo ìlà funfun.

Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́ tó tó wákàtí kan, ẹ dúró, ẹ pa iná, ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ sára wáyà, nǹkan kan kò dúró dáadáa níbẹ̀, ẹ tú u wò. Lẹ́yìn òjò ńlá kìíní, ẹ wo ojú iná bóyá ìrì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì fi gílóòbù àtijọ́ tó ṣì ń tàn sínú páálí tuntun, kí ẹ sọ ọ́ sí búùtù pẹ̀lú fíúsì 15 méjì.